Ibi tí Ìyàwó Mi ti Ní Ẹsẹ̀ Ń Dun Òun: Ìrìn Wa sí Òkè Yr Wyddfa

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé nípa ìrìn wa sí Lake District, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ ní gbogbo ìpàdé: "Akáúńtáǹtì, kí lẹ̀ ń wá lórí òkè? Ta ló ń lé yín?" Bọ̀dá kan tiẹ̀ sọ fún mi níbi ìkómọ pé àwọn baba ńlá mi ti gbé orí òkè rí, wọ́n rí i pé kò rọrùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, èmi wá ń san owó epo láti padà síbẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. N kò lè bá wọn jà, torí òótọ́ ni.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Ẹni tó bá ti dé ìlú wa mọ ohun tí mò ń wí. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ óò gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá ti ìgbà yẹn wà, àti kọ́ọ̀tù, àti ilé ìwé, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tí wọ́n ní ó máa ń gba ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó pe gígun òkè yẹn ní eré ìdárayá. Bí ọdún bá dé, wọ́n á ní kó o bá àwọn àgbà gbé ẹrù lọ sókè, wàá sì gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ, a máa sáré gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí òun ló fa gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn.

Oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá ni Ẹ̀gbọ́n wá kí wa láti Àkúrẹ́. Ọmọ ọdún 67 ni wọ́n. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ wa ọkùnrin gba iṣẹ́ ní Calgary, tó kù díẹ̀ kó kó lọ sí Kánádà. Ọmọ náà ní ohun kan ṣoṣo tí òun ń tọrọ kí òun tó lọ ni pé kí gbogbo wa jọ gun Yr Wyddfa, ká ya fọ́tò kan lórí ṣóńṣó rẹ̀, kí òun gbé e kọ́ sára ògiri lọ́hùn-ún. Ta ni gbogbo wa? Èmi, ìyá àwọn ọmọ, ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ rẹ̀, ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀, àti Dádì Àkúrẹ́, bí àwọn ọmọ ṣe ń pe Ẹ̀gbọ́n. Ẹni mẹ́fà, mọ́tò méjì.

Òkè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdon ni Yr Wyddfa. Ó ga tó 1,085 mítà. Kò sí òkè tó ga tó o ní Wales, kò sì sí ní England náà. (Ẹ má torí ìyẹn ya ẹnu o. Chappal Waddi tiwa ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà ga tó 2,419 mítà.) Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó gbogbo agbègbè òkè náà pinnu pé orúkọ Welsh, Yr Wyddfa àti Eryri, làwọn óò máa lò. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ń pè é: f wọn ń dún bíi v òyìnbó, dd wọn sì nìyẹn, àfi kéèyàn ti ahọ́n bọ àárín eyín. Òkìtì sàréè ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtàn wọn ni pé òmìrán kan tó ń jẹ́ Rhita Gawr ni wọ́n sin sábẹ́ òkúta yẹn, ẹni tó ń gba irùngbọ̀n àwọn ọba tó bá ṣẹ́gun, tó fi ń rán aṣọ ìbora, títí Ọba Arthur fi pa á. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, wọ́n fọwọ́ pa àgbọ̀n wọn, wọ́n ní, "Ó dáa tí kò dé Ìdànrè."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń dúró dè. Ìyàwó mi kò gbà pé sáńwíìṣì lè gbé èèyàn gun òkè. Mọ́ínmọ́ín ló sè, èyí tí wọ́n fi ewé pọ́n, ẹyin nínú rẹ̀, ẹja títì nínú rẹ̀. Ó ní mọ́ínmọ́ín inú ike kì í dùn mọ́ tó bá ti tutù. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà gbágbágbá. Ó din dòdò, ó din ẹran, ó din ṣinṣín, ó po tíì sí fíláàsì mẹ́ta, ṣúgà inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọkọ ọmọ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó gbé gàárì wá. A bi í níbo ló ti fẹ́ rí omi. Ó ní odò pọ̀ lórí òkè. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ gbọ́ o: ẹ má mu omi odò orí òkè láìsè é. Àgùntàn tó wà lókè yẹn kò níye, ibi tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń ṣu sí.

A kúrò ní Manchester ní aago márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé, a gba A55 tó ń tẹ̀ lé etí òkun, a sì dé Llanberis ní nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀. Ìlú kékeré ni, lẹ́bàá adágún omi tí wọ́n ń pè ní Llyn Padarn. Òdìkejì omi náà ni òkè tí wọ́n ti wa òkúta tí wọ́n fi ń bo òrùlé títí di ọdún 1969. Wọ́n gé e sí ipele ipele bí ẹni gé kéèkì.

Ọ̀nà pàtàkì mẹ́fà ló gun Yr Wyddfa. Èyí tó ti Llanberis lọ ló gùn jù, òun náà ló tẹ́jú jù: nǹkan bíi máìlì mẹ́sàn-án ní àlọ àti àbọ̀, wákàtí mẹ́fà fún ẹni tí kò bá sáré. Ọkọ̀ rélùwéè kan wà tó ń gun òkè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí. Ọdún 1896 ni wọ́n ṣí i, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i gan-an ni ẹ́ńjìnnì kan yọ lójú irin tó já sí kòtò, èèyàn kan sì kú. Ó di ọdún 1897 kó tó tún ṣiṣẹ́. Ọmọ wa ní ṣé kí a fi Dádì Àkúrẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, wọn ò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ọmọ wa obìnrin ti ra jákẹ́ẹ̀tì òjò àti ṣòkòtò òjò fún gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n gba jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ṣòkòtò. Jíǹsì ni wọ́n wọ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì òwú wà lábẹ́. Wọ́n ní ṣòkòtò tó ń dún ṣakaṣaka bíi náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì kò yẹ àgbàlagbà. A bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní ká yé ṣe wọ́n bí ọmọdé. Ọmọ náà ká ṣòkòtò ọ̀hún jẹ́jẹ́, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì tirẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi fà ìwé kékeré mi yọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe: aago 8:15 a gbéra, aago 1:00 a óò yí padà, ibikíbi tá a bá dé. Owó tí kò sí ní báńkì kò ṣeé ná, agbára tí ẹ óò fi sọ̀ kalẹ̀ sì wà lára owó náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn ló le jù lójú tèmi, títì ọlọ́dà tó dúró gangan bí àkàbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ó di ọ̀nà òkúta láàárín pápá, àgùntàn níhìn-ín, àgùntàn lọ́hùn-ún. Oòrùn ń ràn. Ìyàwó mi ń kí gbogbo òyìnbó tó bá kọjá, wọ́n sì ń dáhùn. Lórí òkè, òyìnbó a máa kíni. Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣáájú. Nígbà tá a dé ilé tíì tí wọ́n ń pè ní Halfway House, a jókòó sórí koríko, a tú mọ́ínmọ́ín. Tọkọtaya àgbàlagbà kan wà nítòsí, ará ibẹ̀ ni wọ́n, ìyá náà sì bi wá irú ewé wo nìyẹn. Ẹ mọ ìyàwó mi. Kí n tó ṣẹ́jú, mọ́ínmọ́ín méjì ti wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá náà jẹ ẹ́, ó dákẹ́, ó tún jẹ ẹ́, ó ní ata wà nínú rẹ̀. Àwọn náà wá fún wa ní kéèkì wọn tí wọ́n ń pè ní pice ar y maen, tó pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Orí irin pẹlẹbẹ gbígbóná ni wọ́n ti ń yan án, kì í ṣe inú ààrò. Bọ́tà, fúláwà, àjàrà gbígbẹ, ṣúgà wọ́n ọn lórí. Ó bá tíì mu dáadáa. Ẹ̀gbọ́n jẹ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ojú ọjọ́ yí padà. Bí èèyàn bá gun òkè tó 1,000 mítà, ooru á fi nǹkan bíi dígírì mẹ́fà tàbí méje dín kù sí ti ìsàlẹ̀, kí atẹ́gùn tó fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tá a dé Clogwyn, níbi tí ọ̀nà ti gba abẹ́ afárá rélùwéè, kùrukùru ti bo gbogbo nǹkan, òjò wẹ́wẹ́ ń fẹ́ sí wa láti ẹ̀gbẹ́. Jíǹsì Ẹ̀gbọ́n rin gbingbin. Aṣọ òwú tó bá ti tutù kì í móoru mọ́, ṣe ló ń fa ooru kúrò lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Wúlù àti aṣọ oníke ti àwọn sárésáré kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ sì ni òkè náà tún ga gan-an.

Ẹ̀gbọ́n kò ṣáájú mọ́. Ọmọ wa obìnrin fà mí lápá. "Dádì, ẹ wo Dádì Àkúrẹ́. Wọ́n ń gbọ̀n. Wọ́n ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè, ìdáhùn wọn ò já geere." Mo fetí sí i fúnra mi. Ọ̀rọ̀ oko kòkó bàbá wa ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ní bí òtútù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara láti inú nìyẹn, pé bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́, wọn ò ní lè fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀.

Aago 12:20 ni. Ọmọkùnrin mi ní kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ mọ́. Òótọ́ ló sọ, kò sì tíì tó aago 1:00 tí mo kọ sínú ìwé. Ó wo ojú mi. Mo mọ ohun tó ń rò: oṣù Kẹjọ ló ń lọ, ta ló mọ ọdún tí ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò tún jọ dúró síbì kan? Mo yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí á máa padà?" Wọ́n ní, "Padà lọ síbo? Èmi, ọmọ Ìdànrè?" Wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n tún kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ẹni tó ru ẹ lọ́rùn lọ sílé ìwé, tó san owó ìdánwò rẹ, báwo lo ṣe fẹ́ dúró níwájú ọmọ tìrẹ kó o sọ fún un pé kò lágbára mọ́? Mo ń wá ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò sí.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi jókòó sórí òkúta. "Yéè! Orúnkún mi o!" Gbogbo wa sáré lọ bá a. Ó di apá Ẹ̀gbọ́n mú. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N ò lè gùn ún mọ́. Ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀. Dádì wọn ò lágbára tó yín, wọ́n á jẹ́ kí n ṣubú." Obìnrin tó gun òkè Helvellyn lọ́dún tó ṣáájú láìmí hẹlẹ! Ẹ̀gbọ́n dúró, wọ́n nà ró díẹ̀. Wọ́n ní, "Kò burú, ìyàwó wa. Ìlera ló ju. Ó yá, dìde, mo mú ọ." Ọmọ wa obìnrin, tó jọ ìyá rẹ̀ ju bí mo ti rò lọ, ti fa ṣòkòtò òjò yọ: "Dádì Àkúrẹ́, ẹ wọ èyí, kí atẹ́gùn má baà tì yín tẹ́ ẹ bá di Mọ́mì mú." A fi àpáta kan ṣe ìgànná, a bọ́ jíǹsì àti síńgílẹ́ẹ̀tì tútù yẹn kúrò lára wọn, a fi súwẹ́tà wúlù ọkọ ọmọ wa wọ̀ wọ́n, ṣòkòtò òjò tẹ̀ lé e, fìlà wúlù tẹ̀ lé e, tíì olóṣùgà kọ́ọ̀bù méjì, dòdò. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, aṣọ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ohun dídùn, kí ẹ sì máa lọ sísàlẹ̀. Ẹ má fún ẹni náà ní ọtí. Bí kò bá lè rìn, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, ẹ sọ fún wọn pé àwọn adóòlà orí òkè lẹ fẹ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní Llanberis, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà là.

Ọmọkùnrin mi kò sọ̀rọ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣé kí àwọn méjèèjì sáré dé òkè kí wọ́n wá bá wa; mo ní rárá, a kì í pín ara wa sí méjì nínú kùrukùru. Ó yí padà, ó fa fìlà jákẹ́ẹ̀tì bo ojú, ó ń lọ níwájú bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. N kò dá a lẹ́bi. Nígbà tá a dé Clogwyn, ó dúró dè wá, ó bọ́ sí apá kejì Dádì Àkúrẹ́, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí a fi délẹ̀.

Bí a ṣe jáde lábẹ́ kùrukùru ni oòrùn tún yọ, ara Ẹ̀gbọ́n sì yá. Ọ̀rọ̀ wọn já geere padà, ó tiẹ̀ wá já geere jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọdún Orósùn, wọ́n dé orí bí bàbá wa ṣe gbin kòkó àkọ́kọ́, wọ́n dé orí ọjọ́ tí èmi ṣubú lórí àtẹ̀gùn tí mo fọ́ ìkòkò àwọn àgbà. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ pé bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, ó ń béèrè ìbéèrè ní Yorùbá. "Ẹ ẹ́ ní, kí ni wọ́n wá ṣe fún Dádì?" Wákàtí méjì gbáko. Ìyàwó mi ń tiro lẹ́yìn wọn. Nígbà míì ó ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, nígbà míì ó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì.

Lálẹ́ a jẹ cawl nílé oúnjẹ kékeré kan. Ọbẹ̀ ẹran àgùntàn ni, pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà elewé gígùn tí àwọn ará Wales fi ń ṣe àmì orílẹ̀-èdè wọn. Ẹran náà rọ̀, omi rẹ̀ dáa. Iyọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ìyàwó mi sì fa ata gígún yọ nínú báàgì rẹ̀. A fi bara brith parí rẹ̀, búrẹ́dì eléso tí wọ́n ti rẹ èso rẹ̀ sínú tíì mọ́jú. Ọmọdébìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa ń bá wa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá yíjú sí ìyá rẹ̀ ní kíṣíìnì, Welsh ni. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, 17.8% àwọn ará Wales ló ní àwọn gbọ́ èdè náà tí àwọn sì ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní Gwynedd, níbi tá a wà yìí, 64.4% ni. Ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n ń gbé o, kì í ṣe òkèèrè. Ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá wa ti ọjọ́ Sátidé, ọmọ mélòó ló wá lóṣù tó kọjá? Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó rẹ̀, mo mọ iye wọn. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìpàdé.

Ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Sunday, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ní kọ́rídọ̀. Ọmọkùnrin mi àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ẹ̀gbọ́n náà ti jí, wọ́n jáde sí wọn pẹ̀lú ìró ìbora, wọ́n bọ́ fìlà ẹtù wọn sọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n ní kó bá àwọn gbé e lọ. Fọ́tò tó wà lára ògiri ní Calgary nísinsìnyí, kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Fìlà ẹtù ló wà níbẹ̀, lórí òpó òkúta tó wà ní ṣóńṣó Yr Wyddfa, òkun lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n ń bá àwọn ará Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní pálọ̀ wa. Mo gbọ́ ọ láti kíṣíìnì: "A fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ o! Ìyàwó àbúrò mi ni ẹsẹ̀ dùn, èmi ni mo mú un sọ̀ kalẹ̀." Ìyàwó mi ń bu ọbẹ̀ wọn lọ́wọ́. Ó gbọ́. Ó fi ẹran kan kún un.

Kinder Scout ló kàn, ní oṣù Kẹsàn-án, òkè tí àwọn òṣìṣẹ́ Manchester fi agídí gùn ní ọdún 1932 nígbà tí àwọn onílẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. 636 mítà péré ni, kò ṣòro. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé kí n lè ka iye ìjókòó bọ́ọ̀sì. Oúnjẹ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ jíǹsì wá, inú bọ́ọ̀sì ni yóò jókòó sí títí a óò fi sọ̀ kalẹ̀, yálà ó jù mí lọ tàbí n jù ú.